Ibi Tí Omi Dé Lára Àpáta

Mi ò ní dárúkọ ibi tí a ti gbéra, mi ò sì ní dárúkọ ìlú tí a ń lọ. Àwọn èèyàn wa ṣì wà níbẹ̀ tí wọn kò ní ìwé ìgbélùú, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi kó bá ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé orílẹ̀-èdè Gabon ni, etí òkun ni, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì ní ìrìn náà yóò gbà wá. Ọjọ́ kìíní nìkan ni mo rìn níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Abẹ́ òkè Dassa ni wọ́n bí mi sí, ní ọ̀nà Gbaffo, níbi tí àpáta ti pọ̀ ju igi lọ. Òkúta ni mo fi jẹun fún ọdún púpọ̀. Àwa obìnrin la máa ń fọ́ ọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé agbára la fi ń fọ́ àpáta. Rárá, iná ni. A ó kó igi gbígbẹ àti táyà àlòkù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó finá sí i, a ó jẹ́ kó jó títí ooru yóò fi wọnú àpáta, yóò sì là fúnra rẹ̀ bí iṣu tó jinná. Ìgbà yẹn ni òòlù tó kàn. Níbi tí a bá ti ṣiṣẹ́, àpáta á dúdú láti ìsàlẹ̀ títí kọjá orí èèyàn, òkè rẹ̀ á sì wà ní funfun bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti lè rí dúdú yẹn kí n sì sọ pé, èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Nílé wa, mi ò ṣi èyí mọ̀ rí.

Ọkọ mi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan dé sí ẹ̀yìn òkè, ó ń fọ́ ní ọ̀sán kan ohun tí obìnrin mẹ́wàá ń fọ́ ní oṣù kan. Kò sí ẹni tó ń wá bá wa ra òkúta mọ́. Àbúrò ọkọ mi, Célestin, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Gabon. Ó ń gun zémijàn, ọ̀kadà akérò, ní oríta Dassa, ó sì gbọ́ lẹ́nu èrò kan pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ àti ẹni tí yóò máa gbé igi ní ibùdó àwọn agégẹdú.

Ọkọ ni mo ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé wọn, èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni, "ẹ̀yin" ni mo sì ń pè é. Òun ń pè mí ní ìyàwó. Bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi rèé, ẹni tó nà mí nígbà tí mo tọ̀ sí i lẹ́yìn."

Ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ mi, kò sọkún lọ́jọ́ tí a ń lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ mi ló dì mú, kì í ṣe ti Célestin.

"Ọmọ márùn-ún ni mo bí," ó ní. "Èyí ló kù. Bó o ṣe mú un lọ, mú un bọ̀ fún mi."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Má sọ pé o gbọ́. Sọ pé wàá mú un bọ̀."

"Màá mú un bọ̀, Ìyá."

Célestin wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹrù lórí. "Ìyá, ṣé ewúrẹ́ ni mí ni, tí ẹ fi ń fà mí lé e lọ́wọ́?"

"Ewúrẹ́ gbọ́n jù ọ́ lọ," Ìyá ní. "Ewúrẹ́ mọ ilé."

Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ nìyẹn. Yàtọ̀ sí ti ìgbéyàwó, mi ò jẹ́ òmíràn rí láyé mi.

*

Ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí ní Gabon kì í ṣe èèyàn. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tẹ́jú, igi bò ó mọ́lẹ̀, ojú kò ríbi gùn sí. Nílé, bí mo bá ṣìnà nínú oko, màá gbé ojú sókè wo òkè, màá sì mọ ibi tí ilé wà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní níbẹ̀, mo jáde lẹ́yìn ilé ìdáná láti ṣẹ́gi. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ilé ìdáná mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ké títí Célestin fi wá.

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ ogún péré lo rìn," ó ní. "Mo kà á bí mo ṣe ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń fi àdá sàmì sára igi láti ilé ìdáná dé ibi tí mo ti ń ṣẹ́gi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ogójì ọkùnrin ni mo ń se oúnjẹ fún. Wọn kò pe orúkọ mi. "Ará Benin" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé gbogbo Benin ni mo gbé rù. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi ewé dì í gbọọrọ, ó le, ó sì ní òórùn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè jẹ ẹ́ láì di imú. Lọ́jọ́ Àìkú kan, awakọ̀ akẹ́gi kan gbé iṣu díẹ̀ wá láti ìlú. Mo gún un, mo fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀ sí i. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń wa ẹ̀rọ tó ń fa igi, ẹlẹ́nu burúkú ni, kì í kí mi. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó na àwo sí mi lẹ́ẹ̀kejì, kò wo ojú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó bi mí pé kí ni orúkọ mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà gbàgbé. Mo wọlé, mo fi ata tó wà lójú ọlọ ṣe àwáwí, mo sunkún díẹ̀.

Orí òkìtì gẹdú nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti Célestin á gùn ún, a ó dúró sókè bí adìyẹ lórí àká, a ó pe Ìyá.

"Ṣé ọmọ mi ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Ìyá."

"Ṣé ó ti sanra?"

"Kò sanra, Ìyá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le."

"Gbé fóònù fún un."

Célestin á gbà á, á ní erin kan wá sí ilé ìdáná lánàá wá tọrọ ata, á ní ìyàwó kọ̀, erin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màá gbọ́ ẹ̀rín Ìyá láti inú fóònù, kékeré, bí ẹ̀rín ọmọdé. Láàárín ọdún méjì àbọ̀, kò béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá èmi náà ń jẹun. Mi ò bínú. Ẹni tó di ọpọ́n ọbẹ̀ mú, ta ni yóò bi í bóyá ebi ń pa á?

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ibùdó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó lọ, kò padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Àwọn ará ilẹ̀ náà ní ibi tí wọ́n máa lọ. Àwa kò ní. Àwọn sójà wà lójú ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń béèrè ìwé, àwa méjèèjì kò sì ní.

Bàbá kan tó ń pọ́n ayùn níbẹ̀ ló ṣàánú wa. Ó ń di ẹrù tirẹ̀ bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ má gba ọ̀nà," ó ní. "Etí òkun ni kí ẹ gbà. Ẹ jẹ́ kí òkun wà lọ́wọ́ òsì yín. Lọ́jọ́ kẹrin ẹ ó rí òpó fóònù tó ga. Àwọn èèyàn yín pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì dé ibi òkúta, ẹ bi àwọn èèyàn kí ẹ tó kọjá."

"Ká bi wọ́n ní kí ni, Papa?" Célestin béèrè.

"Ẹ ṣáà bi wọ́n."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rò ó títí. Kì í ṣe ìkà. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, kò lè wá sí i lọ́kàn pé àgbàlagbà méjì lè wà láyé tí wọn kò mọ ohun tí òkun ń ṣe.

Òkun kan ṣoṣo tí àwa mọ̀ ni ti Cotonou, a rí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ń pariwo, ó ń ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ibi tó wà láàárọ̀ náà ló wà nírọ̀lẹ́. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni. Kó máa gbó lọ.

*

Ojúmọ́ ń mọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Yanrìn fẹ̀, ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi omi gbá. Mo gbé àpò kan sórí, Célestin gbé méjì. Mi ò lè purọ́, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọdún méjì àbọ̀ nínú igbó, mo tún rí ọ̀nà jíjìn.

Célestin sáré lọ sí etí omi, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú dànù.

"Ìyàwó! Gbogbo iyọ̀ ayé ló wà níbí, Ìyá wa sì ń fi ṣíbí wọn tirẹ̀!"

"Ẹ má mu ún, ọkọ mi. Á mú yín yàgbẹ́."

"Kó mú mi yàgbẹ́. Ta ló ń wò?"

Igi ńláńlá wà káàkiri lórí yanrìn náà, gẹdú tó já lọ́wọ́ àwọn tó ń fi omi gbé e, tí òkun wá jù sílẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wọn nídìí ṣì hàn. Célestin ń kí wọn bó ṣe ń kọjá. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ẹ rántí mi? Èmi ni mo gbé yín." Ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan, kò mì. Ó ní irú igi yẹn, ọkùnrin mẹ́wàá kò lè yí i. Àwa méjèèjì kò bi ara wa léèrè pé kí ló wá gbé e dé ibẹ̀, tó jìnnà sómi tó bẹ́ẹ̀.

Oòrùn kò tíì dé àtàrí nígbà tí a rí àpáta.

Ó pẹ́ tí ojú mi ti rí òkúta. Apá kan ilẹ̀ gíga yọ jáde láti inú igbó, ó wọ inú òkun lọ, àpáta sì kún ìdí rẹ̀. Ọ̀kan dá dúró lórí yanrìn, ó ga ju ilé lọ, ó rí rìbìtì bí àwọn tiwa. Mo fi àpò sílẹ̀, mo sáré bá a bí ẹni tó rí ará ilé. Ìgbà yẹn ni mo rí i: ó dúdú láti ìsàlẹ̀ títí kọjá orí mi, ìlà gbọọrọ ni dúdú náà parí sí, òkè rẹ̀ sì funfun.

"Ọkọ mi, ẹ wá wò ó. Wọ́n ti dáná síbí."

Célestin wo àpáta, ó wo yanrìn. "Eérú rẹ̀ dà?"

"Afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ."

"Èyí tí wọ́n fọ́ dà?"

"Wọ́n ti kó o lọ tà."

"Wọ́n mà mọ́tótó o. Àwọn obìnrin ibí yìí sàn ju ẹ̀yin ti Gbaffo lọ."

A rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ kan dúdú náà. Ó ń yọ̀ bí ilá, àwọn nǹkan funfun kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ ọn tó mú bí eyín ọmọ. Ọwọ́ mi mọ̀ pé kì í ṣe iná. Orí mi ni kò gbà. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti wà níbi tí mi ò ti mọ nǹkan kan, níbi tí mo ti ń bi ọmọdé léèrè orúkọ ewé. Èyí nìkan ni ohun tí mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ ọ́n.

"Papa ní ká bi àwọn èèyàn," mo ní. "Àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbí nìyẹn. Wọ́n lọ jẹun ni. Ẹ jẹ́ ká gun òkè rẹ̀ ká dúró dè wọ́n."

"Ìwọ lo mọ òkúta," ó ní. Ó fi èjìká tì mí gòkè.

Nílé wa, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé àpáta ló gba àwọn baba wa là. Nígbà ogun, nígbà tí wọ́n ń wá èèyàn kó lẹ́rú, òkè ni wọ́n sá gùn, ọwọ́ kò sì tó wọn. Títí di òní, bí ọmọ wa bá ń jà tí wọ́n fẹ́ nà án, orí àpáta ló ń sá lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ wa pé àpáta lè di ibi tí èèyàn ò ti ní lè jáde. Òkè rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa. A jẹ ẹ̀gẹ́ tó kù. A sùn.

*

Ìró ló jí mi. Ó ti sún mọ́ wa. Mo jókòó, mi ò rí yanrìn mọ́. Omi wà níwájú, omi wà lẹ́yìn, omi wà láàárín wa àti igbó. Àwọn àpò tí a fi sílẹ̀ nídìí àpáta ti lọ.

Célestin ti dúró. "Ìyàwó, dìde. Kò tíì jìn. Orúnkún ni. Jẹ́ ká lọ sínú igbó."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó sọ ọ́. Orúnkún ni, ó sọ ọ́, òótọ́ sì ni.

"Orí àpáta la wà," mo ní. "Kí la ń sá fún? Ìjì ló gbé omi wá, á padà. Ẹ jókòó."

"Mi ò rí ìjì kankan."

"Ẹ jókòó, ọkọ mi. Ará òkè kì í sọ̀kalẹ̀ fún ogun."

Ó jókòó. Ó kàn wo ojú mi. Ó ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu láti ọmọ ọdún mẹ́ta.

Omi kò padà. Ó ń gun dúdú náà bọ̀, ó ń kọlù ú, ó ń fà sẹ́yìn, ó sì ń dé òkè díẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìtasílẹ̀ rẹ̀ ń ta sí wa lójú. Nígbà tó bo ìdajì dúdú náà, ẹ̀rù tó dé bá mi yí ọkàn mi padà pátápátá. Mo rí i pé yóò bò wá mọ́lẹ̀. Mo rí i bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo ní ká jókòó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ọkọ mi, ẹ lọ! Ẹ gùn jù mí lọ. Ẹ lọ wá èèyàn, kí wọ́n mú okùn wá!"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ó máa bò mí lórí. Ẹ̀yin ṣì lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Ẹ lọ nísinsìnyí kó tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó yọ fóònù tó fi ọ̀rá wé, ó kì í bọ̀ mí lọ́wọ́. "Bí Ìyá bá pè," ó ní, "sọ fún un pé mo wà nílé ìwẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Omi mu ún dé àyà. Ó rìn díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tó gbé ẹrù, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Igbó kò jìnnà sí i mọ́, bóyá ẹsẹ̀ ogún. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí igi náà. Gẹdú ni, ọ̀kan nínú àwọn tí Célestin ń kí láàárọ̀, èyí tí ọkùnrin mẹ́wàá kò lè yí. Omi ti gbé e dìde bí koríko. Ìgbì tì í wá láti ẹ̀gbẹ́. Mo ké. Ó rò pé mò ń pè é ni, ó yíjú sí mi.

Kò pariwo. Igi náà yí lẹ́ẹ̀kan lórí ibi tó wà, ó bá tirẹ̀ lọ.

*

Mo ń gbàdúrà sí Màríà, mi ò lè kọjá ìlà kìíní, mo ń padà sí i. Mò ń dúró de omi kó wá mú èmi náà. Ó gòkè, ó gòkè, ó dé ibi tí dúdú parí sí, ibi tí funfun ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró.

Ó dúró níbẹ̀ bí àgbẹ̀ tó dé ààlà oko rẹ̀. Láàárín omi náà àti ibi tí a ti sùn, ìwọ̀n gíga ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì wà níbẹ̀. Kò kọjá ìlà náà ní ìka kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mò ń wò. Kì í ṣe iná ló kun àpáta yẹn. Omi ni. Ojoojúmọ́ ni ó ń dé ibẹ̀, kì í sì í kọjá ibẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè kà á. Bí mo bá ti kà á, mo lè sọ fún un láàárọ̀ pé ká má gùn ún. Bí mo bá tilẹ̀ kà á lọ́sàn-án, mo lè sọ fún un pé, ọkọ mi, ẹ jókòó, níbí ni yóò dé.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo fi ẹsẹ̀ gbígbẹ sọ̀kalẹ̀ sórí yanrìn tó tutù. Mo rìn yí apá ilẹ̀ náà ká. Kò jìnnà rárá tí mo fi rí èéfín: àwọn Pópó láti etí òkun Benin tó ń pẹja, àwọn obìnrin wọn ń yan ẹja. Ìyá kan bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Fọn. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń gòkè. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyá. Ẹ̀yin kò mọ̀?"

Àwọn ọkọ wọn wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò rí nǹkan kan. Nílé, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, wọ́n á gé irun àti èékánná rẹ̀ wálé, kí ilẹ̀ wa lè rí nǹkan gbà. Èmi kò rí ìyẹn pàápàá mú wá.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, lẹ́yìn ọdún méjì àbọ̀, ṣé ibẹ̀ kò tíì di ilé fún mi díẹ̀? Mo mọ oúnjẹ wọn, mo mọ èébú wọn, ọkùnrin kan ti kọ́ orúkọ mi. Mo rò pé èyí tó. Ṣùgbọ́n èèyàn lè mọ gbogbo ìyẹn, kí ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún ibẹ̀ mọ̀, tí òun kò mọ̀, wá jẹ́ ohun tí yóò gba ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá da omi sí garawa tí mo sì gbọ́ ọ láti inú yàrá, mo máa ń dìde dúró.

*

Mi ò pe Ìyá. Láàárín wa, a kì í ju ikú ọmọ sí etí ìyá rẹ̀ látinú fóònù. Bàbá Àgbà ní Tré, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ni mo pè, òun ló kó àwọn èèyàn lẹ́yìn lọ bá a.

Nígbà tí mo padà délé, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ti sọ ìtàn náà láàárín ara wọn kí n tó wọlé: omi dé, Célestin sì fò sínú rẹ̀ nítorí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè wá ìrànlọ́wọ́ fún un. Katikíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, sọ ọ́ nínú àdúrà pé ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá kò sọ̀rọ̀ Célestin fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mò ń pọn omi fún un, mò ń dáná, mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà, mo jókòó tì í. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ló ní kó sọ̀kalẹ̀?"

Mo lè sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo ilé ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá."

Ó ṣa ẹ̀wà lọ. "Omi náà, ṣé ó kàn ọ́?"

"Ìtasílẹ̀ rẹ̀ ta sí mi lójú. Kò kàn mí."

"Kò kan ẹsẹ̀ rẹ?"

"Kò kan ẹsẹ̀ mi."

"Nítorí náà, ká ní ó jókòó..." Kò parí rẹ̀. Ó da ẹ̀wà tó ti ṣà mọ́ èyí tí kò tíì ṣà, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìyá..."

"Bí àwọn ará ilé bá gbọ́, wọ́n á lé ọ. Ta ni yóò wá máa pọn omi mi? Ìwọ lo mú un lọ. Ìwọ ni yóò máa pọn ọ́n."

Mo pọn ọ́n fún ọdún mẹ́rin. Kò bú mi rí, kò sì pè mí lọ́mọ rí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, èmi ni mo ń gbé e jáde sí oòrùn, á fi apá kọ́ mi lọ́rùn, á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Àgbà pè mí síwájú gbogbo ẹbí. Ó ní àwọn kò rí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà. Ó ní ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan pé kí n máa gbé yàrá Ìyá títí ayé mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ mí lẹ́nu. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ó rò pé ìtìjú ni.

Ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀la. Mo ti kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ tán báyìí. Màá kà á sókè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì dúró lórí ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n tó sọ fún mi bóyá kí n wọlé.